Aṣọ Tí Wọ́n Fi Wé Akínfẹ́mi

Àwòrán aṣọ ìsìnkú Jésù ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n Veronica nílé rẹ̀ ní Idasen. Wọ́n ní ojúlówó aṣọ náà wà ní ìlú Túrínì lọ́hùn-ún, àti pé ojú Olúwa hàn lára rẹ̀ fírífírí. Kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́ ló ṣe gbé e kọ́ o. Láti ìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti pa Akínfẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ́nà Arimogija, iwájú àwòrán yẹn ló ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló sì ti ń sunkún.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í dé ìdí sàréè ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú lọ sí Uso, ìlú bàbá ọmọ, ilé ni wọ́n fi Veronica sí, tí àwọn obìnrin yí i ká. Ohun kan tó rí ṣe ni pé ó fa aṣọ funfun tó fi pọn Akínfẹ́mi ní kékeré yọ nínú àpótí. Ó fi bílíìsì fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì fà á lé Adégbénga, àbúrò ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́, pé kí wọ́n fi wé ọmọ òun. Nígbà tí Adégbénga dé, ó ní àwọn ti fi wé e. Látìgbà náà ni obìnrin yìí ti di ọ̀rọ̀ kan mú: bí aṣọ bá lè tọ́jú Jésù di òní, tòun náà ń tọ́jú Akínfẹ́mi di ọjọ́ àjíǹde.

Adégbénga kàwé, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun kàwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kúkú bi í. Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn Máàsì, ó jẹ iyán Veronica tán, ó gbójú sókè wo àwòrán, ẹnu bá ń yún un. Ó ní àwọn onísáyẹ́ǹsì ti yẹ aṣọ yẹn wò, wọ́n ní Jésù ti gòkè re ọ̀run tipẹ́tipẹ́, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kí wọ́n tó hun ún. Veronica ní Fadá kò sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn. Adégbénga ní Fadá náà ṣáà sọ pé ìgbàgbọ́ kò dúró lórí aṣọ. Òótọ́ ni, Fadá sọ ọ́, àmọ́ Fadá kò bímọ.

Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Akọ̀wé ni Veronica ń pè é. Ó ní, "Akọ̀wé, kí ló dé téèyàn á fi jókòó ṣe irú irọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí, ẹni tó ṣe é lè má ní ibi lọ́kàn. Bóyá ó kàn rí i pé inú àwọn èèyàn bà jẹ́, ó wá fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á dì mú."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ kúrò lára àwòrán, ó bọ́ sínú àwo. Veronica rí i.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ fi aṣọ mi wé e?"

Ó ti dáhùn ìbéèrè yìí láìmọye ìgbà, àní ó máa ń ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe bo ẹsẹ̀ àti bí wọ́n ṣe bo orí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dìde lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní mọ́ṣúárì ti kan pósí pa, nítorí bí jàǹbá náà ṣe ṣe ọmọ, àwọn àgbà sì ní ká má ṣí i. Nígbà tóun padà dé, ẹnu ọ̀nà ni Veronica ti pàdé òun pẹ̀lú ìbéèrè, òun wo ojú rẹ̀, òun ò sì lè sọ pé rárá.

Veronica kò bú u. Ìrètí tó ṣẹ́ kù fún un ti tán. Ó tú ọ̀rá, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ pálọ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ wá a láti etí kan dé ìkejì. Kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni ló ń wá. Àbàwọ́n lásán ló ń wá: ibi tí itọ́ ọmọ dà sí, ibi tí omi ọmú kán sí, ibi tó tọ̀ sí nígbà tó wà lẹ́yìn òun. Aṣọ náà funfun báláú. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù, kó tó fi ránṣẹ́.