Ọwọ́ Tí Kò Kan Èjìká

Ìwé ìròyìn mẹ́ta ló yin eré orí ìtàgé tí Lemuel Pettiford kọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, síbẹ̀ ìyìn náà korò lẹ́nu rẹ̀. Ibi tó ti purọ́ gan-an ni gbogbo wọn ń yìn.

Ìtàn ara rẹ̀ ló kọ. Ọmọ ìlú Macon ní Amẹ́ríkà ni, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí Verlene ìyá rẹ̀ mọ̀, ó lé e jáde nílé. Lemuel bá wọṣẹ́ ológun, níbi tí ẹni tí kò nílé ti lè rí bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ká a mọ́ balùwẹ̀, wọ́n lù ú ní àlùbami. Lámèyítọ́ kan ní lílù yẹn ti pọ̀ jù, pé ènìyàn kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Lemuel tiẹ̀ ti bu omi là á kó tó gbé e sórí ìtàgé.

Ìparí eré ló pa wọ́n lẹ́kún. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun tuntun bá parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n á tò sórí pápá, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mira àfi tí ẹbí wọn bá wá fọwọ́ kan èjìká wọn. Nínú eré náà, ìyá ọmọ yìí la pápá kọjá, ó sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn lámèyítọ́ sunkún, wọn ò rí i pé, ní tòótọ́, Verlene ò wá rárá lọ́jọ́ náà.

Lemuel rò pé bí ìyá òun bá rí ohun tí ì bá ṣe, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì eré ọ̀sán ránṣẹ́ sí i, Verlene sì wá. Nígbà tí eré parí, tí Lemuel ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹwòran, ìyá rẹ̀ dìde lẹ́yìn.

"Lemuel."

"Mà."

"Ṣé mo wá?"

Gbogbo èèyàn yíjú sẹ́yìn wò ó.

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó o wá ní mo wá? Wọ́n ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní abiyamọ tòótọ́ ni mí! Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo dúró títí pápá fi ṣófo. Sájẹ́ǹtì tó ń fìyà jẹ mí ló gbá mi léjìká, ó ní kí n lọ jẹun."

Verlene gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Yọ ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀," ló wí. "Mi ò gba ìyìn ohun tí mi ò ṣe."

Lemuel sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bọ̀, kò mọ ìgbà tó pa gìgísẹ̀ pọ̀, tó nà ró ṣánṣán, tó tẹjú mọ́ iwájú. Ó gbọ́ òórùn òróró irun rẹ̀, èyí tó mọ̀ láti kékeré. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi. Ọwọ́ Verlene gbéra díẹ̀. Ó fi tún okùn báàgì rẹ̀ ṣe léjìká, ó sì jáde lọ.

Àwọn èèyàn jáde tán. Lemuel ò kúrò lójú kan. Mísíìsì Odom, ìyá àgbà tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, pa iná ìtàgé, ó sì wá bá a. Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó tó, ọmọ mi," ló wí. "Lọ jẹun."