Kò-Le àti Sítíárìn Tó Ń Mì

"Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri ló kọjú sí mọ́tò," ni Kò-Le ń wí. "Mọ́tò ò kọjú síbì kankan, kò lójú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ aránṣọ, ní iná iwájú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ihò imú nìyẹn? Àríyànjiyàn tí ò lórí tí ò nídìí yìí ni wọ́n ń fà láti ìgbà tí wọ́n ti wọ gáréèjì. Mọ́tò àtijọ́ bàbá wọn jókòó sáàárín wọn, sítíárìn rẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè wakọ̀ mọ́. Ó ti ní ẹni tó bá mú sítíárìn yẹn dúró nínú àwọn méjèèjì ló máa gba kọ́kọ́rọ́, onítọ̀hún ni yóò sì máa wà á lọ.

Kò-Le ń wá kọ́kọ́rọ́ yẹn bí ẹni ń wá ìyàwó. Ó mọ ara rẹ̀ o. Ìwé ò sá fún un, òun ló sá fún ìwé. Iṣẹ́ tó bá sì ti pè ní "kò le" ló máa ń le jù. Ẹni tó kan bẹ́ẹ̀dì fún gbẹ̀yìn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni onítọ̀hún ń sùn báyìí. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ní kóun dúró de òye, ó pẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà nìyẹn.

Ló bá fẹ̀yìn wọ́ lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ ló ṣẹ́kù lórí ìjókòó. Ó rí nọ́ọ̀tì méjì tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ irin òkè. Wọ́n ti dẹ̀. Ó fọwọ́ ọ̀tún ti ọ̀pá náà sókè, ó fi tòsì yí sípánà títí ejìká rẹ̀ fi dún. Sítíárìn dúró gbagidi. Ó ní kóun jáde, apá ọ̀tún kọ̀. Ọ̀pá àti irin ti há etí apá aṣọ rẹ̀ mọ́ àárín, pẹ̀lú bọ́tìnnì tó dì í mọ́ ọrùn ọwọ́.

Ẹ wo ọ̀gá mẹkáníìkì: ó de mọ́tò, ó de ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò jáde. Ó ní ibẹ̀ tutù, òun ń gbatẹ́gùn.

Bàbá wọlé, ó nawọ́ gba ojú fèrèsé mọ́tò, ó mi sítíárìn. Kò mì. Inú bàbá dùn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò-Le wo ọwọ́ tó wà ní àhámọ́, ó na èyí tó ṣẹ́kù.

Bàbá fa kọ́kọ́rọ́ padà. "Ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀tún wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní aṣọ tóun rán ni, kó má wulẹ̀ fà á, kò lè ya. Kò-Le rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó fi tòsì tú nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ọwọ́ jáde, sítíárìn padà sídìí ijó rẹ̀. Bàbá mì í wò, ó ní tìẹ ti tán, bọ́ síta.

Ẹ̀gbọ́n ká apá aṣọ tiẹ̀ dé ìgúnpá, ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dè é, ó jáde, ó kúnlẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́.

Kò-Le gbọn apá aṣọ tó ti dúdú fún gírísì, ó kọrí sí títì bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

"Èyí témi dè lágbára débi tó fi mú odidi èèyàn," ló ń wí bó ṣe ń lọ. "Tiyín yẹn, ta ló mú?"