Bọ̀dá Motimọ̀ Inú Agolo Bisikíìtì

Ẹ wò ó, èmi ò bá ọmọ aráyé jà. Tí ewúrẹ́ bá ṣubú sínú gọ́tà nínú fóònù, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ó dáa, ewúrẹ́ náà ṣiṣẹ́. Èmi tí mò ń ta fóònù ní Computer Village, tó jẹ́ pé irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bá mi san owó ilé ìwé wọn, ẹnu wo ni màá fi bú ewúrẹ́?

Àmọ́ ó ní ọjọ́ tí inú èèyàn máa ń ru. Tèmi ru lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nílé wa ní Agége. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Tẹniọlá, ọmọ ọdún méjìlá, mo gba ti Abdulafeez, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kó méjèèjì sápò ṣòkòtò, mo sì kéde bí ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba.

"Lónìí, ẹ máa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rín! Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé..."

"Ó ti dé o," Tẹniọlá sọ fún àbúrò rẹ̀.

Mo wọ yàrá lọ, mo gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Agolo náà ti dípẹtà, kò sí bisikíìtì nínú rẹ̀ láti ogójì ọdún. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé. Bàbá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ariwo ibẹ̀ kò sì dín. Láyé ìgbà yẹn, tí oṣù bá parí, wọ́n máa ń fi ìwé kékeré kan sínú àpòòwé owó oṣù: àwòrán mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n kọ Yorùbá sí, láti fi kọ́ òṣìṣẹ́ bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ra nídìí ẹ̀rọ. Akọni inú rẹ̀ ni Bọ̀dá Motimọ̀. Fọ́máànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, á ní, "Motimọ̀, má tẹ epo yẹn." Motimọ̀ á ní, "Mo ti mọ̀!" Nínú àwòrán kẹta: YÀÀÀ! Nínú ìkẹrin, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e bí mọ́ín-mọ́ín ewé.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju ẹran lọ. Lọ́jọ́ owó oṣù, bàbá mi ò ní tíì dé ìkóríta tí màá ti sáré lọ pàdé wọn. Màmá mi nìkan, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ni wọn ò fẹ́ràn Motimọ̀. Tí mo bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ìgbájú! Wọ́n á fẹ́ fi ìwé náà ran iná sítóòfù, èmi á já a gbà lẹ́nu iná. Mo kàn gbà pé màmá mi ò mọ àwàdà ni.

Ìyàwó mi, Simbiat, yọjú láti kíṣìnnì. "Bàbá Tẹni, ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá kí ẹ tó ṣí nǹkan yẹn o. Wọn kì í fẹ́ wo ibi tó wà."

"Mo ti mọ̀," mo dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Tẹniọlá, ọmọ tó máa di lọ́yà tàbí kó di ikú tó máa pa mí, káwọ́ gbera. "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn. Ìwé mẹ́ta. Tí ìwé yín bá pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ fi fóònù wa pamọ́ títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Tí kò bá pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ dá a padà, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ 'nígbà tí èmi wà lọ́mọdé' mọ́ nínú ilé yìí láéláé."

Mo fẹ́ kọ̀. Fóònù ò jẹ́ nǹkan kan, mo ní ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ "nígbà tí èmi wà lọ́mọdé" nìkan ni dúkìá tí mo ní láyé tí olè ò tíì jí. Síbẹ̀, ta ló máa rí Bọ̀dá Motimọ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín? Mo gbà.

Ìwé kìíní, ti epo. Mo fi ohùn ńlá ṣe fọ́máànù, mo fi ohùn imú ṣe Motimọ̀, mo wá ké YÀÀÀ! débi pé aládùúgbò wa lu ògiri.

Àwọn ọmọ mi na ọrùn wo àwòrán náà.

"Ta ló da epo sílẹ̀?" Abdulafeez béèrè.

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ó ṣubú! Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè!"

"Fọ́máànù rí epo, kò nù ún," Tẹniọlá ní. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa nù ún. Òfin Mọ́mì nìyẹn."

Ẹ gbọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ bímọ, mo lọ bí adájọ́ méjì.

Ìwé kejì. Àwo ń jáde látinú iná ìléru, Motimọ̀ fi ọwọ́ lásán gbé e, ọwọ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì Agége. Mo jó, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi.

"Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ ńkọ́?" Abdulafeez tún béèrè.

"Kò wọ̀ ọ́! Wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́! Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ nìyẹn!"

Tẹniọlá na ìka sí ìsàlẹ̀ àwòrán. "Dádì, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Ọwọ́ lásán ni gbogbo wọn."

Mo wò ó. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń wo àwòrán yẹn, n ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní, ó sì tẹ́wọ́ fún fóònù rẹ̀.

Mo mú ìwé kẹta, èyí tí Motimọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń lu abọ́. N ò tíì kà á tí mo fi dìde. Tí ẹnu bá kùnà, ara ò ní kùnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn Bọ̀dá Motimọ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún ta síta, èjìká òsì wálẹ̀, fìlà dojú kọ etí, mò ń jùdí bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ kí àna. Láti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà: "Mo ti mọ̀! Mo ti mọ̀!"

Abdulafeez bú sẹ́rìn-ín. Tẹniọlá fún ẹnu pọ̀, kò ṣeé ṣe, ó ṣubú lulẹ̀ látorí àga. Mo ṣẹ́gun! Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

"Bàbá Àgbà!" Abdulafeez ń ké. "Dádì ń sín Bàbá Àgbà jẹ!"

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ̀rín dá mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò.

Mo yíjú. Bàbá mi ń bọ̀ láti yàrá wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ta síta. Èjìká òsì wálẹ̀. Fìlà dojú kọ etí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bú mi. Bàbá kì í rìn lójú ọmọ. Bàbá ń jáde ni, bàbá ń dé ni. Ta ló ń wo ẹsẹ̀?

Bàbá jókòó. "Kà á," wọ́n ní.

"Bàbá, a kàn ń fi ṣeré ni..."

"Wasiu, mo ní kà á."

Mo kà á. "Fọ́máànù: Motimọ̀, má ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ. Motimọ̀: Mo ti mọ̀."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"GBÀÀ," mo wí, bí ẹni tó ń kí wọn kú ìdúró níbi ìsìnkú.

Nínú ìkẹrin, ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì Motimọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹni tó bá gbọ́ràn, ìka rẹ̀ á pé.

Bàbá gbé ọwọ́ òsì wọn lé orúnkún. Ìka mẹ́ta. Kì í kúkú ṣe pé n ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló gé méjì tó kù, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Àmọ́ ọgbọ́n tí ǹ bá fi so ọwọ́ yẹn mọ́ ìwé yìí, ó dà bíi pé ẹ̀rọ gé òun náà.

"Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ya Motimọ̀ míì," Bàbá ní. "Ìka rẹ̀ ti hù padà. Tèmi ò hù."

Gbogbo ìgbájú tí màmá mi gbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà létí mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Àgbà," Tẹniọlá ní, "ṣé lóòótọ́ ni fọ́máànù kìlọ̀ fún yín?"

"Èmi ni mo kìlọ̀ fún un. Irin tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró ti kán. Mo sọ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo tún un sọ lọ́jọ́ Fúráìdè. Mo sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn?"

Abdulafeez mirí.

"Ó ní, 'Mo ti mọ̀.'" Bàbá rọra tún fìlà wọn ṣe. "Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ló ń ya àwòrán, fọ́máànù ló ń sọ ìtàn fún un. Ṣé fọ́máànù á ní kó ya òun fúnra òun ni? Èmi ló ní kó yà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń gbé e wálé fún mi?" Ohùn mi ti di ti ọmọ ọdún méje.

"Ti àkọ́kọ́, mo fẹ́ fà á ya ní ìkóríta, o ti sáré dé. O já a gbà, o rẹ́rìn-ín débi pé o jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Tìrẹ nìkan ni kò dùn mí." Wọ́n wò mí dáadáa. "Ó dùn mí díẹ̀."

Mo gbé agolo. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n lọ dáná sun ún."

"Èyí tí ìyá ẹ sun sun tì? Gbé e sílẹ̀."

Àṣé Tẹniọlá ti mú bírò. Ó ti fa igi lé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé kẹta, ó ti kọ òmíràn sí i. Ó dìde, ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì jọ tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bà mí. "Bàbá Àgbà: Fọ́máànù, ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ o! Fọ́máànù: Mo ti mọ̀!"

"GBÀÀ!" Abdulafeez ké. "Ìka fọ́máànù ni kí ẹ jẹ́ kó gé!"

"Rárá," Bàbá ní. "Má gé ìka ẹnikẹ́ni. Ya aṣọ ìnulẹ̀ sí i lọ́wọ́. Jẹ́ kó nu epo ìjọ́sí."

Abdulafeez yà á. Fọ́máànù wà lórí eékún, ó ń nulẹ̀, ó fìdí sókè. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ mì. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí n ò gbọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo yẹn, débi pé aládùúgbò tún lu ògiri.

Tẹniọlá yíjú sí mi, ó tẹ́wọ́. "Dádì, ìrìn yín ló pa wá lẹ́rìn-ín, kì í ṣe ìwé yín. Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn."

Mo kó fóònù fún wọn. Dúkìá mi lọ. Simbiat dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di ìbàdí mú. "Bàbá Tẹni, ṣebí mo ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Bàbá?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wo Bàbá, Bàbá ń wò mí, wọ́n ń retí rẹ̀.

"N ò mọ̀," mo wí.

Bàbá na ọwọ́ òsì síwájú. "Tẹniọlá, mú bírò yẹn wá. Ó ku ọgbọ̀n ìwé."