Kápúsù Ẹsẹ̀ Ìyá

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ẹ-Lò-Ó-Tán, nítorí kíláàsì yòówù tó bá wọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ lo kápúsù yín tán, ẹ má lò ó bó ṣe wù yín, kòkòrò tí oògùn bá nà tí kò pa, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oògùn jà. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé lọ́jọ́ Sátidé tó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, òórùn tó jáde sọ fún un pé ẹnìkan ń purọ́ nínú ilé yìí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí egbò náà ń padà nìyí. Dókítà ti là á yé wọn pé bí oògùn ọjọ́ mẹ́wàá yìí kò bá ràn án, gígé ló kù.

Ó ka kápúsù. Ogún ni wọ́n gbà, ọjọ́ márùn-ún ti lọ, mẹ́wàá ló kù. Kò lé, kò dín. Ìyẹn gan-an ló kọ ọ́ lóminú: iye kápúsù pé, egbò kò sì gbẹ. Ojú rẹ̀ bá lọ sára ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tọ́jú ìyá. Obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kí ló ń fi pa mọ́? Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, àmọ́ ti ọmọ yìí ti fẹ́ di àìsàn.

Ó ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá nígbà tí ìgbálẹ̀ wọ́ èèpo kápúsù jáde, pupa tòun ti dúdú, mẹ́wàá, gbogbo wọn ṣófo. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gba ilé ìdáná lọ.

"Ìyàwó, ta lò ń ta ìyẹ̀fun inú ẹ̀ fún?"

Ìyàwó wo èèpo náà títí. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo kàn máa ń gbé e lé Màmá lọ́wọ́ ni. Wọ́n ní kí n máa jáde, pé ojú ń ti àwọn láti gbé oògùn mì níṣojú èèyàn."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, èyí sì tún dá kún ìfura. Ta lojú í tì torí oògùn?

Ìyá ló pè wọ́n láti yàrá. Kò tilẹ̀ sẹ́. Òun ló ń ṣí kápúsù, òun ló ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò láàárọ̀ àti lálẹ́, látìgbà àkọ́kọ́ tí egbò ti dé. Ó mọ̀ pé ìyàwó á ní àfi kóun gbé e mì bí dókítà ṣe wí, ni kò ṣe jẹ́ kó rí i.

"Màmá, ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ọmọ ń dán òun wò ni. "Ìwọ náà kọ́. Lọ́dún tó kọjá tí o ṣubú lórí ọ̀kadà, ṣebí kápúsù tó ṣẹ́ kù nínú báàgì rẹ lo tú sí orúnkún, tó sì jinná. Mo ní ẹni tó ń kàwé nọ́ọ̀sì mọ̀ jù mí lọ."

Ẹ-Lò-Ó-Tán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ náà. Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù sì bà á ju ìtìjú lọ: láti ọjọ́ márùn-ún, oògùn kankan kò dé inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ó ní kí ìyàwó dákun bá òun wá ọkọ̀ kíákíá. Dókítà á bi wọ́n pé ta ló kọ́ ìyá, òun sì ni yóò dá a lóhùn.