Ojú Àwòdì àti Orí Àbúrò Mi

Ojú Àwòdì là ń pe ọ̀gá wa ní ilé àyẹ̀wò, lẹ́yìn rẹ̀ o. Bí ó bá ti fi ojú kan sẹ́ẹ̀lì kókó inú ọpọlọ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ti dá a lẹ́jọ́. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni yóò wí, bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà ní eré burúkú kan: kí èsì jíìnì tó dé, oníkálukú a sọ irú kókó tí ó rò pé ó jẹ́, ẹni tó bá kùnà a ra tíì fún gbogbo ilé. A kì í mọ ẹni tó ni orí. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára gíláàsì.

Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Àbúrò mi agẹrun ni, mo mọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n la agbárí rẹ̀ láti gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, kò bínú. Ìfákúfàá tí wọ́n fá irun rẹ̀ ló ń bà á nínú jẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kókó tó ń rọra rìn ni, tí yóò fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí èyí tó ń sáré pani. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan gíláàsì ẹbí rẹ̀, nítorí náà mo rọra tì í sáàárín àwọn yòókù, mo panu mọ́.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. "Háà! Ẹ wo àwọn ọmọ ìta! Èyí wú, èyí wọ́, gbogbo wọn rí wúruwùru. Kí ẹni tó ni orí yìí máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe délé ni mo di ènìyàn jẹ́jẹ́. Àbúrò mi wò mí títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bú mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé mò ń kú lọ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, olórí dídán," ni mo wí, mo sì bu omi fún un.

Nígbà tí èsì dé, Ojú Àwòdì kà á, ó tún un kà. Jíìnì kan ti yí padà, ègé kúrómósómù méjì, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì, sì ti sọnù pọ̀. Kókó tó bá ní àmì wọ̀nyí, bó ti wù kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ burẹ́wà tó, oògùn máa ń rí i mú. Kì í ṣe apani tí ọ̀gá pè é.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ," ni ẹnì kan wí. "Ọ̀gá, mílíìkì púpọ̀ nínú tèmi o!"

"Àbúrò mi ló ni ín," ni mo sọ.

Ọ̀gá bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Má bínú," ló wí. "Máa lọ sọ fún un."

Mo sáré délé. "Kókó náà kò ní lọ tán o," mo wí fún un, "ṣùgbọ́n oògùn á tì í sẹ́yìn. O ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú."

Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹkún ló bú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó gbogbo kílípà mi fún ẹlẹ́gbẹ́ mi ní ìsọ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ gbà wọ́n, kó tó fi ba orí ẹlòmíràn jẹ́."