Èéfín Sìgá Ọ̀gá Kuang

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo já sìgá gbà lẹ́nu Ọ̀gá Kuang, inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀.

Pan Xiulian ló wà lórí ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àgádágodo ní ìlú Foshan níbí ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ló gé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ já. Dókítà Lai rán ìka náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wá fi ìtọ́jú rẹ̀ lé èmi nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú irú ìka bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Òtútù lè mú un sún kì. Èéfín sìgá lè mú un sún kì, ìbínú àti ẹkún náà sì lè ṣe é. Mo tan iná amóoru sí ọwọ́ náà, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan ìka ọ̀hún ṣáá, bóyá ó gbóná.

"Àbúrò mi, má bínú o. Jẹ́ kí n bá ọ gbé ìbínú náà," ni mo wí fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó lè gbé e? Tèmi pọ̀ o."

Kuang ni alábòójútó wọn nílé iṣẹ́. Òun ló tú irin ààbò kúrò lára ẹ̀rọ náà kí iṣẹ́ lè yá. Ó gbé èso ápù wọlé, sìgá ń jó lẹ́nu rẹ̀.

"Xiulian! O sùn lọ nídìí ẹ̀rọ ni, àbí? Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé àìfarabalẹ̀ rẹ ni."

"Oorun kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ tú irin yẹn!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo ìka náà: ó ti ń funfun bí ẹfun.

Mo fa sìgá náà yọ, mo tẹ̀ ẹ́ pa sára ápù rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé? O mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo gé ìka yìí, o tún wá pa á. Jáde!"

"Nọ́ọ̀sì lásánlàsàn!"

"Nọ́ọ̀sì lásánlàsàn náà ló ń lé ọ. Gbéra!"

Ìyá arúgbó tó wà lórí ibùsùn kejì ju bàtà lù ú lẹ́yìn bó ṣe ń jáde.

Dókítà Lai sáré dé, ó fún Xiulian lábẹ́rẹ́, ó tú báńdéèjì náà díẹ̀. Mo fa iná sún mọ́ ọn. A ń wo ìka náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀.

Àmọ́ olórí àwa nọ́ọ̀sì pè mí. "Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń kó aláìsàn wá fún wa. Lọ bẹ ọkùnrin náà."

"Màámá, ẹ kọ́kọ́ bá mi bẹ ìka yẹn ná. Bó bá gbà, màá lọ bẹ Kuang."

Nítorí ìyẹn, wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Xiulian wá kí mi. Ìka náà yè, ṣùgbọ́n kò ṣeé ká dáadáa. Mo bi í léèrè nípa ẹ̀rọ ọ̀hún.

"Wọn ò dá irin ààbò padà. Ọmọbìnrin kan láti Guangxi ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Mo ń lọ dúró dè é lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kí n fi ọwọ́ mi hàn án. Ṣé ẹ ó bá mi lọ?"

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi. Inú ń bí àwa méjèèjì bí a ṣe jọ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.