Agogo Mẹ́rin Ni Mo Máa Papòdà

Bí Bàbá Oníwèé ṣe fi ọ̀bẹ gé okùn tó kù lẹ́yìn ìwé náà, tó gbọn ojú ewé rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù gbígbẹ lè dà nù, ni bébà kékeré kan já bọ́ sórí tábìlì.

Kì í ka ohun tó bá bọ́ nínú ìwé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń rán ìwé tó bá ti já, tó ń lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ ọn, oríṣiríṣi nǹkan ló sì ti rí: lẹ́tà ìfẹ́, ìwé ẹ̀rí, àwòrán òkú. Inú àpò ìwé ni í kó o sí títí ẹni tó ni ín á fi dé. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyí, ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Abẹ́rẹ́. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ bó ṣe mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Sátidé, agogo mẹ́rin. Mo ti pinnu. Mo máa papòdà. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti papòdà kì í padà. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́, torí ọ̀rọ̀ Màámi. Wọn ò ní lè gbà á."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún bébà náà kà. Ó wo aago ara ògiri. Agogo mẹ́ta ti kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sátidé sì ni.

Papòdà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní oṣù méje sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ìyá Abẹ́rẹ́, kú sí ọsibítù, òun ló kọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì ìsìnkú. Ó kọ́kọ́ kọ "ó kú". Ó pa á rẹ́. Ó kọ "ó papòdà", nítorí ìyẹn rọ̀ díẹ̀ lójú. Láti ìgbà náà, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ilé.

Ó pe fóònù ọmọ náà. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sáré jáde síta.

Ìyá Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Háà, Bàbá Oníwèé! Ẹ ò wọ bàtà. Àbí ìwé ló ń lé yín?"

"Ǹjẹ́ o rí Abẹ́rẹ́?"

"Mo rí i láàárọ̀. Ó wá gba aṣọ tó ní kí n rán. Aṣọ funfun báláú, kò lọ́wọ́, kò lápò, ó gùn dé kókósẹ̀. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ṣé áńgẹ́lì lo fẹ́ dà ni?' Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má tiẹ̀ da ara mi láàmú lórí etí rẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa wọ̀ ọ́."

Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó na bébà náà sí i. Obìnrin náà kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Papòdà kẹ̀?" Ó dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá, ẹ máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya ilé Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà olódòdó mi yìí. Èmi á bá yín ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa lọ, ẹ má dá mi lóhùn!"

Ó ń rìn, ó ń sáré, ó tún ń rìn. Gbogbo ohun tí kò kà sí láti ọjọ́ yìí ló ń tò wá síwájú rẹ̀ báyìí. Ọmọ náà kì í jẹun tán mọ́. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra, á máa bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tó bá bi í pé ta ni, á ní, "Àwọn èèyàn mi ni, Bàbá. Àwa tá a jọ ń ka ìwé yẹn ni." Inú rẹ̀ ti ń dùn pé ọmọ náà kì í sunkún. Òun tó lè wo ìwé láti òkèèrè kó sọ ibi tó máa ti já, kò rí ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé.

Àbúrò Onígíláàsì ló bá níwájú ilé, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, tó ń fo okùn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ." Okùn náà ò dúró. "Wọ́n ti lọ papòdà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n lọ pọnmi. Bàbá bẹ̀rẹ̀ títí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe déédéé. "Àwọn mélòó?"

"Méje. Èmi náà fẹ́ bá wọn lọ, wọ́n ní mi ò tíì tó. Wọ́n ní kí n ka ìwé kẹta tán ná."

"Níbo? Ìyá mi, sọ fún mi, níbo?"

"Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé." Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Bàbá, bàtà obìnrin lẹ wọ̀."

Kò mọ bó ṣe dé ilé ìkàwé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn dá páropáro. Àga kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, apẹ̀rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Fóònù ló kún inú apẹ̀rẹ̀ náà. Ọ̀kan ṣì ń tan iná: "Bàbá ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹta."

Ta ní í kó fóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tí kò ní lò ó mọ́?

Ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan nínú yàrá. "Ṣé o ti dágbére?"

"Mo ti dágbére."

"Ṣé o mọ̀ pé kò sí àbọ̀?"

"Mo mọ̀." Ohùn Abẹ́rẹ́ ni.

Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Wọn ò tì í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀.

"Má ṣe é! Má gbé nǹkan kan mì! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Àwọn ọ̀dọ́ bí ọgbọ̀n yíjú sí i. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí mẹ́ta sílẹ̀. Àwọn méje wọ aṣọ funfun. Abẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínú òbìrí, èkejì níta. Ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan kan lọ́wọ́, àfi Onígíláàsì tó di ìwé kan mú.

"Ta ni bàbá oníbàtà òdòdó?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá?" Ojú Abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀. "Ta ló sọ fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí n kúrò ní ipò Màámi."

"Ipò wo?"

Onígíláàsì kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, Bàbá. Nínú ìwé tá a jọ ń kà, ipò mẹ́ta ló wà ní ìlú yẹn: àwọn Aṣọ́bodè, àwọn Akọ̀wé, àwọn Atukọ̀. Tọ́mọ bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n á jẹ́ kó pa ipò rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbọ́dọ̀ padà mọ́. Àwa náà máa ń ṣe é. Ìyẹn là ń pè ní papòdà."

"Pa ipò dà," ni bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi àti Màámi la jọ yan Aṣọ́bodè," ni Abẹ́rẹ́ wí, "nígbà tá a jọ ka ìwé kìíní. Mo fẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Atukọ̀. Mo rò pé ẹ máa sọ pé mo ti gbàgbé wọn."

Bàbá ń wá ibi tó máa jókòó. Wọ́n sáré gbé àga fún un. Ó mú bébà náà jáde. Abẹ́rẹ́ wò ó, ó wo ojú bàbá rẹ̀ àgbà, ó wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá. Ẹ rò pé mo fẹ́..."

"Kí ni kí n rò? Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún ìyá rẹ nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Onígíláàsì juwọ́ sí àwọn yòókù, wọ́n sún sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú bàbá. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe tòní, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó rí."

Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"Lóṣù kejì tí Màámi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo pè yín ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò gbé e."

"Mo rí i nírọ̀lẹ́. Mo bi ọ́. O ní kò sí nǹkan kan."

"Ó ti kọjá nígbà yẹn. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àárín àwọn wọ̀nyí. Onígíláàsì ló sáré wá, kò tiẹ̀ tíì di irun orí rẹ̀ tán. Látọjọ́ náà, wọ́n pín ara wọn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè mí láràárọ̀. Títí dòní, wọn ò tíì fo ọjọ́ kan."

Ẹ̀rù tó ti fẹ́ fi bàbá sílẹ̀ padà, ó jókòó tì í. Kì í ṣe irú tàkọ́kọ́ tó ń léni sáré. Èyí dákẹ́. Ó wo àwọn ọmọ tó tò mọ́ ògiri, àwọn tí òun fẹ́ fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn kó lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Láti ọjọ́ tí ọsibítù ti pè mí ni mo ti pa ohùn nǹkan yìí," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ gbọ́ kó dún mọ́. Bá mi ṣí i."

Abẹ́rẹ́ gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. "Ó ti ga dé òpin. Kí n dín in kù?"

"Fi í síbẹ̀. Tó bá tún ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè. Tí mi ò bá gbé e, pè mí títí."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Dìde. Lọ ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe. Mo wà níbí."

Ó dìde. Ó dá fóònù náà padà fún un. Kó tó dé ẹnu ilà ṣọ́ọ̀kì, fóònù náà ké tòò lọ́wọ́ bàbá. Ìyá Aránṣọ ló ń pè. Gbogbo yàrá ń wò ó. Ó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e.